Ààlà ò ṣeé dá gé

Oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò bá ń palẹ̀ mọ́ tí ọyẹ́ ò tíì wọlé tán, ni àkókò tó dáa jù láti gé ààlà oko lọ́dọ̀ tiwa. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní oṣù kẹta ni, nígbà tí igbó ti gbẹ tí ojú ń ríran jìnnà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dúró di oṣù kẹta iná á ti bá yín gé e. Àwọn ọdẹ á ti finá sígbó torí ọ̀yà, tàbí kí ẹnìkan ti máa sun ẹ̀gbẹ́ oko tiẹ̀ láti fi múra iṣu sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé e, àwọn ọmọ igi tẹ́ ẹ ti ń bomi rin látọjọ́ yìí á dúdú lórí ìdúró. Ààlà tí wọ́n bá gé tó fẹ̀ dáadáa, bíi mítà méjì sí mẹ́ta, tí wọ́n gbá ewé gbígbẹ kúrò lórí ẹ̀ kí ilẹ̀ hàn, ibẹ̀ ni iná máa dé tí ò ní rí nǹkan jẹ mọ́. Ẹ ti gé ààlà, ẹ sì ti dáàbò bo igi, àdá kan náà lẹ fi ṣe é.

Ilẹ̀ tí mò ń sọ yìí ò tóbi o. Ó lé díẹ̀ ní éékà méjì, lọ́nà Ifẹ̀tẹ̀dó, ní gúúsù Ilé-Ifẹ̀, ibi tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti yà kúrò lójú títì, kòkó ni ọ̀tún, kòkó ni òsì. Bàbá mi ló ni ín, ìdí-igi, ìyẹn ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tiẹ̀, ni wọ́n sì fi pín ogún wọn, apá tó kan ìyá wa ló di tèmi àti bùrọ̀dá mi. Ìbàdàn ni mò ń gbé, iṣẹ́ oṣù ni mò ń ṣe, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń lọ sóko. Ibi tí àwọn kòkó àtijọ́ ti gbó tí wọ́n ti kú la ti ń gbin tuntun, kòkó ló pọ̀ jù níbẹ̀, obì wà, píà wà, ọsàn díẹ̀, àti agbalùmọ̀ méjì tí màmá mi ní kí wọ́n má gé láéláé.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ lábúlé gbọ́ lẹ́nu mi ni pé ẹ má dá ààlà gé. Ẹ má kàn kó lébírà dání láàárọ̀ Sátidé kẹ́ ẹ ní kí wọ́n máa gé lọ látibí dé ibẹ̀ yẹn. Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn tẹ́ ẹ jọ pààlà. Àwa ní mẹ́rin: bàbá àgbà kan ní apá ìlà-oòrùn, tí wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí wọ́n tó bí mi, ìyá kan tí ọkọ wọn ti kú, tí àwọn ọmọ wọn wà l'Ékòó, ẹbí ńlá kan tó jẹ́ pé olórí ẹbí nìkan ló lè sọ̀rọ̀ ilẹ̀, àti ọ̀gbẹ́ni kan, ọmọ Ìgede láti Benue, tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. A máa ń pe ara wa lórí fóònù ṣáájú, a ó dá ọjọ́, lọ́jọ́ náà a ó jọ rìn ín láti igun dé igun kí ẹnikẹ́ni tó gbé àdá sókè, èmi sì gbà pé rírìn yẹn ṣe pàtàkì ju gígé lọ.

Bàbá àgbà yẹn máa ń ti jókòó sórí kùkùté kan dè wá. Mo máa kúnlẹ̀ kí wọn, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá, àroko bọ́dún dé o," wọ́n á ní, "Àṣẹ o, ọmọ mi, bùrọ̀dá ẹ ńkọ́, ṣé kò lè wá ni?" Wọ́n máa ń mú ọmọ-ọmọ wọn kan dání, ọmọdékùnrin kékeré báyìí, gbogbo ibi tá a bá sì ti dúró wọ́n á ní kó fọwọ́ kan igi tó wà níbẹ̀, kó sọ irú igi tó jẹ́, kó sọ ẹni tó ni ọ̀tún àti ẹni tó ni òsì.

"Kí lèyí?"

"Pèrègún ni, bàbá."

"Ta ló gbìn ín?"

"Bàbá àǹtí yìí àti ẹ̀yin."

"Ó dáa. Ó kan èyí tó tẹ̀ lé e."

Báyìí ni wọ́n á ṣe ṣe é dé ìparí. Èmi náà ti ń mú ọmọ àbúrò mi dání báyìí, torí bó pẹ́ bó yá, àwọn méjèèjì yìí ló máa dúró lójú ààlà yẹn láìsí bàbá, láìsí èmi, tí wọ́n bá sì ti jọ fọwọ́ kan igi kan náà láti kékeré, ibo ni ìjà fẹ́ gbà wọlé?

Àwọn kan á ní ṣebí ìwé wà. Òótọ́ ni, ẹ ṣèwé o, ẹ pe sọ́féyọ̀, kí wọ́n ri òpó kọnkéré onínọ́ńbà mọ́ igun ilẹ̀ yín. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti 1978 ti jáde, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lójú òfin, ẹni tí ò bá ní ìwé kankan, ìyà ẹ̀ máa ń pọ̀ lọ́jọ́ tí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ní àwọn fẹ́ lo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ilé-ẹjọ́ fúnra ẹ̀ sọ. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba lọ́dún 1976, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún téèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀: ìtàn àtẹnudẹ́nu bí ilẹ̀ náà ṣe dọ́wọ́ ẹ̀, ìwé, àwọn nǹkan tí onílẹ̀ nìkan lè ṣe tó ti ń ṣe lórí ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bó ṣe ti ń gbé orí ẹ̀ tó ń jẹ èrè ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àti pé òun náà ló ni ilẹ̀ tó fara kàn án. Ọ̀kan péré ni ìwé nínú márùn-ún yẹn. Àwọn yòókù, ẹsẹ̀ tó ń débẹ̀ àti ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ń fi wọ́n hàn, tí ọ̀rọ̀ bá sì dé kóòtù, àwọn tẹ́ ẹ jọ pààlà ni wọ́n máa pè kí wọ́n wá sọ ohun tójú wọn rí. Ẹni tí kì í dé oko ẹ̀, tó jẹ́ pé fáìlì nìkan ló mú dání, ta ló fẹ́ bá a jẹ́rìí?

Ọ̀rọ̀ ààlà yìí tún wá le sí i láti 2024, ọdún tí owó kòkó fò sókè lọ́jà àgbáyé débi pé tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là. Ilẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò bojú wò mọ́, àwọn ọmọ onílẹ̀ wọkọ̀ wá láti Èkó, láti Ìbàdàn, kódà àwọn kan láti òkè òkun fi WhatsApp bèèrè ibi tí oko bàbá wọn wà. Igbó tó ti wà láàárín oko méjì látìgbà ìwáṣẹ̀, tí ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ ní fífẹ̀, di ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, torí ìlà kòkó kan máa gba ibẹ̀. Owó náà ti já wálẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, àmọ́ àwọn tó bára wọn jà ò tíì máa kíra wọn.

Òfin àwọn ará Yúróòpù tún wá kún un, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2023, tó ní kòkó tó bá wá látorí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó ńlá ẹ̀ run lẹ́yìn December 31, 2020 ò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn, àti pé ẹni tó bá ń kó kòkó wọlé gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí oko tó ti wá lórí máàpù. Wọ́n ti sún ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra kòkó ò dúró, wọ́n ti ń rán àwọn ọ̀dọ́ tó mú fóònù dání wá sóko. Oko tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, òfin yẹn ní kí wọ́n ya gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yípo; tí ò bá tó bẹ́ẹ̀, àmì kan ṣoṣo láàárín ẹ̀ ti tó. Mi ò lòdì sí i rárá, ó dáa kí wọ́n mọ ibi tí kòkó ti wá, igbó tó kù nílẹ̀ wa ò pọ̀ mọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ tó mú fóònù dání yẹn, ààlà tó bá rí ló máa rìn. Fóònù lè fi mítà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣi ibi tèèyàn dúró sí, pàápàá lábẹ́ kòkó tí orí ẹ̀ ti papọ̀, bẹ́ẹ̀ mítà mẹ́ta péré ló wà láàárín ìlà kòkó kan sí èkejì. Tí ààlà ò bá mọ́, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí pèrègún wà, oko yín lè wọ orúkọ ẹlòmíì lórí máàpù ọ̀hún láìsí pé ẹnikẹ́ni ní in lọ́kàn láti jalè.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti igi tó yẹ kó wà lórí ààlà fúnra ẹ̀, torí mo rí ohun táwọn èèyàn ń gbìn síbẹ̀ kò dùn mọ́ mi nínú. Pèrègún ò láfiwé. Ẹ gé e ní ọ̀pá, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, á hù. Tí wọ́n bá bẹ́ ẹ lórí á tún rú. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ewé gbogbo ti pọ́n tó ti wọ́, ewé tiẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀ tójú á fi rí i lókèèrè, kì í sì í fẹ̀ débi tó fi máa ṣíji bo oko ẹnikẹ́ni. Àwọn bàbá wa ò ṣèèṣì mú un. Tí ẹ bá fẹ́ kó di ọgbà, ẹ fi àgunmániyè sí àárín pèrègún kan sí èkejì, òun náà ọ̀pá ni wọ́n ń rì, kì í pẹ́ dàgbà, ewé ẹ̀ tẹ́ ẹ bá gé dà sílẹ̀ ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun, ẹ̀ka ẹ̀ ṣeé fi gbé iṣu, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa gé e déédéé o, tó bá bọ́ lọ́wọ́ yín á di igbó. Tíìkì lórí ààlà gan-an ni mi ò fara mọ́. Mo mọ̀ pé owó wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé ó rọrùn láti tọ́jú, ṣùgbọ́n ewé ẹ̀ tó fẹ̀ yẹn á ṣíji bo kòkó ẹlòmíì, tó bá wọ́ nígbà ọyẹ́ á tẹ́ sílẹ̀ gbẹrẹfu, iná ò sì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbin tíìkì kó sún un wọnú ilẹ̀ tiẹ̀, mítà márùn-ún ó kéré tán, máńgòrò náà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ igi nílẹ̀ wa kọjá èso àti pákó. Ẹni tí wọ́n bá fún nílẹ̀ dáko lọ́dọ̀ wa, ó lè gbin iṣu, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ata, kò sóhun tó kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kòkó, kò gbọdọ̀ gbin obì, kò gbọdọ̀ gbin ọ̀pẹ, àyàfi tí onílẹ̀ bá fọwọ́ sí i, torí igi tó máa wà fún ogún ọdún ń jẹ́rìí fún ẹni tó gbìn ín. Ọmọ Ìgede tó pààlà pẹ̀lú wa yẹn mọ òfin yìí dáadáa. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ onílẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n bí àwọn ọmọ ẹ̀ sí, Yorùbá tí wọ́n ń sọ dùn ju tàwọn ọmọ tiwa tó wà nílùú lọ, síbẹ̀ kò ní igi kan lórí ilẹ̀ náà. Tó bá bá wa dá sí ọmọ igi tiwa, tó bá ní, "Àǹtí, èyí ń fẹ́ ìbòòji, ẹ bu ewé ọ̀pẹ bò ó," ó máa ń dùn mí, torí ó mọ igi, ó fẹ́ràn igi, kò sì lè gbìn ín. Mo ti bá onílẹ̀ ẹ̀ sọ ọ́, mo ní kí wọ́n jọ kọ ìwé àdéhùn kékeré kan, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé igi ni tiẹ̀, ilẹ̀ ni tiyín, kí wọ́n kọ iye ọdún tó máa fi kórè. Wọn ò tíì gbà. Mi ò tíì jáwọ́ níbẹ̀.

Ó wá kan àwọn ọmọ igi fúnra wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbin igi, gbogbo èèyàn ló máa ń wá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbé e sórí Facebook, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni mo máa ń fẹ́ bi wọ́n léèrè. Kòkó tí wọ́n bá gbìn sóko ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà máa rí òjò mu fún bí oṣù márùn-ún, lẹ́yìn náà ó di oòrùn àti ọyẹ́ títí di oṣù kẹta, gbòǹgbò ẹ̀ ò sì tíì débi tí omi wà. Ìgbà yẹn gan-an ló ń kú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú kòkó dé ilẹ̀, ọdún kan ṣáájú ló dáa jù, kó ti ga tó láti ṣíji bò ó. Ẹlòmíì á gbin méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò ní tíì ju orúnkún lọ nígbà tí oòrùn bá dé. Àgbagbà la gbìn, òun náà ló sì ń sanwó lébírà títí kòkó á fi so, torí náà ẹni tó bá ní òun ò lówó tó láti dúró de kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kó lọ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mẹ́wàá la fi ń gbin kòkó, éékà kan á gba bí 435. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní TC, láti TC1 dé TC8, tó wá láti ibùdó ìwádìí kòkó, CRIN, ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè báyìí, torí ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta níbi tí tàwọn bàbá wa ti ń gbà tó ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ó dáa, ṣùgbọ́n kò sí irúgbìn tó dáa tó láti dá ara ẹ̀ roko. Ewé Akíntọ́lá ò bìkítà bóyá TC lẹ gbìn àbí ti àtijọ́, á gùn ún, á bò ó mọ́lẹ̀, láàárín oṣù méjì ẹ ò ní rí i mọ́.

Bí a ṣe ń roko ẹ̀ nìyí. Ọwọ́ ni a fi ń tu èyí tó wà ní ìdí ẹ̀ gan-an, àdá la fi ń gé èyí tó jìnnà díẹ̀, a kì í lo ọkọ́ nítòsí ẹ̀ rárá, torí àwọn gbòǹgbò tín-ín-tìn-ín tí kòkó fi ń jẹun, òkè ilẹ̀ ni wọ́n wà, wọn ò jìn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ẹ bá fi ọkọ́ fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti já oúnjẹ gbà lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn. Koríko tẹ́ ẹ gé, ẹ má kó o dànù. Ẹ tẹ́ ẹ yí i ká kó nípọn, kó lè mú ọ̀rinrin dúró, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ara igi tó ìbú ọwọ́ kan, torí ikán máa ń gba abẹ́ ẹ̀ wá jẹ èèpo. Ẹ̀ka gígùn tó bá ta láti ìdí igi, ẹ fi ọwọ́ ya á kúrò nígbà tó ṣì rọ̀, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, kòkó náà bẹ́ẹ̀ ni. Èkàn ló le jù nínú gbogbo koríko, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà rìn, ẹ gé e lónìí á tún yọ, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó ń ṣẹ́gun ẹ̀ pátápátá ni ìbòòji, ẹ̀ẹ̀kan sí i, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ sì máa gbójú sókè wo àwọn igi àgbà tó kù nítòsí. Afòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ló ń bá tan, ẹyẹ ló ń gbé èso ẹ̀ látorí igi kan sí òmíràn, tí kòkó bàbá yín tàbí ti aládùúgbò bá kún fún afòmọ́, ọmọ igi yín náà máa gba tiẹ̀. Èyí náà ó di ohun tẹ́ ẹ máa jọ sọ lójú ààlà, torí ẹ ò lè wọ oko olóko lọ gé e.

Oògùn koríko ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Lébírà wọ́n, ọ̀wẹ̀ àti àáró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ti lọ fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́, torí náà mi ò ní dá ẹnikẹ́ni tó ń fín oògùn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó dé itòsí igi tí èèpo ẹ̀ ṣì tutù. Èèpo tó bá ṣì ní àwọ̀ ewé, ó ń mu oògùn bí ewé ṣe ń mu ún. Paraquat tó wà lára àwọn tí wọ́n ń lò jù tẹ́lẹ̀, NAFDAC ti fòfin dè é láti January 1, 2024, torí ó ń pa èèyàn, òun ò sì ní ẹ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá ṣì rí i lọ́jà ẹ má rà á. Ní ti atẹ́gùn tó ń gbé oògùn wọ oko ẹlòmíì, ohun tá a fẹnu kò lé lórí lójú ààlà ni pé a kì í fín nǹkan kan ní mítà mẹ́ta sí ààlà lápá méjèèjì, àdá nìkan, àti pé ẹni tó bá fẹ́ fín á pe ẹnì kejì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kí àdéhùn yẹn tó wà, a ti pàdánù ọmọ obì tó wà létí ààlà, ewé wọn pọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Látìgbà tó ti wà, kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Kò sí agbẹjọ́rò níbẹ̀, kò sí ọlọ́pàá, ìrìn ọjọ́ kan yẹn náà ni.

Omi ní tiẹ̀, a ò ní kànga lóko, odò tó wà nísàlẹ̀ sì máa ń fà púpọ̀ tó bá di oṣù kejì. Ike omi tí a ti mu tán la máa ń lu ihò kékeré sí nídìí, a ó rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi, a ó pọn omi kún un, á máa kán wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo igi la lè ṣe é fún. Àwọn tó bá wà níbi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò ṣíji bò dáadáa la máa ń fún.

Igi kan wà lórí ààlà tiwa àti ti bàbá àgbà tí ẹnikẹ́ni ò gbìn. Ìrókò ni, òun fúnra ẹ̀ ló hù, ó ti ga jù mí lọ báyìí. Ẹni tó bá mọ ìrókò á mọ̀ pé ọmọ ẹ̀ ṣòroó tọ́, kókòrò kékeré kan máa ń wọ ewé ẹ̀ àti ọ̀mùnú ẹ̀, á wú kókó-kókó, á rà, orí igi á kú, òun ló fà á tí wọn ò fi rí oko ìrókò ńlá gbìn káàkiri bí wọ́n ṣe ń gbin tíìkì àti mèlánà. Èyí tó bá wà lábẹ́ ìbòòji láàárín igi mìíràn ló máa ń là á já jù, ibi tí tiwa sì wà nìyẹn. Ìrókò tó bá dàgbà, owó ńlá ni, igi ńlá tó bá wà lórí ààlà sì ti tú ẹbí ká rí. Nígbà tá a dé ìdí ẹ̀ nínú ìrìn tó kọjá, bùrọ̀dá mi bèèrè pé ti ta ni. Bàbá ní kò sẹ́ni tó máa gé e nígbà ayé àwọn, kò sì sẹ́ni tó máa gé e nígbà ayé wa, tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá dàgbà tí wọ́n sì fẹ́ gé e, kí wọ́n jọ gé e, kí wọ́n pín in sí méjì. Wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọmọ àbúrò mi náà tún un sọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, gbogbo wa fọwọ́ sí i, bàbá tẹ̀ka.

Orógbó ló kù tí mo fẹ́ gbìn. Bàbá ní àwọn máa fún wa ní ọmọ igi láti ìdí tiwọn, igun tó kọjú sí odò la ti yàn fún un, níbi tí ilẹ̀ ti ń mú omi dúró díẹ̀. Orógbó kì í kánjú, ẹlòmíì á lo ọdún mẹ́wàá kó tó rí èso ẹ̀, torí náà kòkó ò ní sí nítòsí ẹ̀, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ la máa fi bá a dúró. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ìyá tí ọkọ wọn ti kú yẹn, tí oko wọn wà ní apá kejì odò, ní kí n jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ gé apá ààlà tiwọn kí n tó kó o wá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ pọn omi, mo sì ti sọ fún wọn pé kò sí ìkánjú, ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti ṣe tán ni kí wọ́n pè mí.